Paula ará Róòmù, Ìyá Olùrànlọ́wọ́ Ìtumọ̀ Bíbélì

Nígbàkúùgbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe túmọ̀ Májẹ̀mú Láéláé láti èdè Hébérù sí èdè Látìnì, orúkọ Jerome ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n igi kan kì í dágbó ṣe. Opó kan wà tí ó fi ọrọ̀ rẹ̀ gbé iṣẹ́ náà ró, tí ó sì fi ìbéèrè rẹ̀ mú un tẹ̀síwájú. Paula ni orúkọ rẹ̀.

Ọdún 347 ni a bí i sí ìdílé ọlọ́lá ní ìlú Róòmù. Ó fẹ́ Toxotius, ó sì bí ọmọbìnrin mẹ́rin àti ọmọkùnrin kan. Kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú. Ní ọdún 382 ni Jerome dé Róòmù, ó sì ń kọ́ Paula àti àwọn obìnrin olùfọkànsìn mìíràn ní Ìwé Mímọ́. Ní ọdún 384, Blesilla, àkọ́bí rẹ̀, kú. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Paula pinnu láti lọ sí ilẹ̀ tí Olúwa wa gbé rìn.

Ìlọ náà kò rọrùn. Eustochium ọmọ rẹ̀ bá a lọ, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin rẹ̀ kékeré dúró ní èbúté, ó ń na ọwọ́ sí i. Rufina, tí ìgbéyàwó rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, sì ń sunkún láìfọhùn. Ìyá wọn gbójú kúrò lára èbúté kí ọkàn rẹ̀ má baà yẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí le létí àwa tí a jẹ́ òbí, a kò sì sọ pé kí ìyá mìíràn ṣe bẹ́ẹ̀. A sọ ọ́ kí a lè mọ ohun tí ìrìn-àjò náà ná an.

Ó gba Sáípúrọ́ọ̀sì kọjá sí Áńtíókù, níbi tí ó ti bá Jerome pàdé. Láàrin òtútù ni ó gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ, òun tí ìránṣẹ́ máa ń gbé tẹ́lẹ̀. Ní Jerúsálẹ́mù, gómìnà pèsè ilé ńlá sílẹ̀ dè é, ṣùgbọ́n yàrá kékeré ni ó yàn. Ó wólẹ̀ níwájú àgbélébùú, ó wọ inú ibojì Olúwa, ó sì fi ẹnu ko òkúta ẹnu rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ó mú ọ̀nà Bẹ́tílẹ́hẹ́mù pọ̀n, ìrìn bíi kìlómítà mẹ́sàn-án. Ó dúró níbi ibojì Rákélì lẹ́bàá ọ̀nà. Nígbà tí ó wọ inú ihò àpáta tí a bí Jésù sí, ó sunkún ayọ̀. Ojú ìgbàgbọ́ ni ó fi rí Ọmọ-ọwọ́ náà nínú ọ̀já, àwọn amòye, ìràwọ̀ àti àwọn olùṣọ́-àgùntàn. Ó rántí àsọtẹ́lẹ̀ Míkà nípa ìlú náà. Ó rántí ohun tí Aísáyà wí nípa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí ó mọ ibùjẹ olúwa rẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti pinnu pé ìlú yìí ni òun yóò máa gbé. Láti ibẹ̀ ó lọ sí ilé-ìṣọ́ Édérì, níbi tí Jékọ́bù ti jẹ ẹran rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ti wà lọ́kàn rẹ̀ kí ó tó dé ibẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, òkúta lásán ni ìbá rí.

Lẹ́yìn tí ó dé Íjíbítì, ó padà sí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ní ọdún 386. Ó kọ́ ilé fún àwọn ọkùnrin àti fún àwọn obìnrin tí wọ́n ya ara wọn sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run, ó sì kọ́ ilé àlejò sí ẹ̀bá ọ̀nà, nítorí pé Màríà àti Jósẹ́fù kò rí àyè wọ̀ sí ní ìlú náà. Ó kọ́ èdè Hébérù títí ó fi ń kọ Sáàmù ní èdè náà. Ó mú kí Jerome ka Májẹ̀mú Láéláé àti Tuntun pẹ̀lú òun àti ọmọ òun, kí ó sì máa ṣàlàyé wọn. Bí Jerome bá ní òun kò mọ ìtumọ̀ ibì kan, Paula kì í jẹ́ kí ó lọ bẹ́ẹ̀. Ó ní láti sọ èyí tí ó sún mọ́ òtítọ́ jù nínú èrò àwọn ọ̀mọ̀wé. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìtumọ̀ Aísáyà, Dáníẹ́lì àti Ẹ́sítérì, ìyá àti ọmọ yìí ni Jerome dárúkọ.

Paula sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ 26 oṣù kìn-ín-ní ọdún 404. Wọ́n kọ Sáàmù ní èdè Gíríìkì, Látìnì àti Síríákì níbi ìsìnkú rẹ̀, wọ́n sì sin ín lẹ́bàá ihò àpáta náà. Ó ti ná gbogbo ohun ìní rẹ̀ tán. Gbèsè ńlá ni Eustochium jogún.

Ẹ̀yin alátìlẹ́yìn iṣẹ́ yìí, kò yẹ kí ẹrù tí ó di gbèsè lọ́rùn ẹnì kan tún já lé ẹnì kan ṣoṣo lórí. Ẹ̀yin àlùfáà, ẹ máa bi àwa atúmọ̀ ní ìbéèrè bí Paula ti ṣe, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí a fi ìdáhùn yẹpẹrẹ tàn yín. Kí Ọlọ́run gbé irú rẹ̀ dìde láàrin wa. Àmín.