Fẹlá àti Àwọn Tó Ní Kò Kọrin Wa Mọ́

 

A ṣe ìsọmọlórúkọ kan níbí ní Malton láìpẹ́ yìí, nínú gbọ̀ngàn kan tí kò jìnnà sí pápákọ̀ òfúrufú Pearson. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé àdúgbò wa yìí mọ̀ pé bí bàlúù bá ń kọjá lórí ilé, ńṣe lèèyàn máa dákẹ́ díẹ̀ kó tó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. A jẹun, a mu, gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Àfi ìgbà tí ọmọkùnrin tó ń gbé orin sí i bẹ̀rẹ̀ sí í po jùjú àtijọ́ mọ́ orin àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Àwọn ọ̀dọ́ dìde, wọ́n bọ́ sójú agbo. Bàbá kan tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún náà dìde, wọ́n ní kí wọ́n pa orin yẹn kíákíá, pé kì í ṣe orin Yorùbá mọ́. Bàbá ìkókó ní kí wọ́n jẹ́ káwọn ọmọ jó. Kékeré kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà fẹ́ dà.

Kí n má parọ́, ẹ̀yìn bàbá yẹn ni mo wà lọ́jọ́ yẹn. Àmọ́ nígbà tí mo délé tí mo fẹ̀yìn lélẹ̀, ọkùnrin kan ló wá sí mi lọ́kàn, tí wọ́n bá ṣe irú ẹjọ́ yìí gan-an ní Èkó láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Fẹlá ni.

Ẹ má jáyà. Mi ò fẹ́ sọ ti igbó mímu àti ti àwọn ìyàwó. Ìyẹn ni gbogbo ayé mọ̀. Bàbá tèmi kì í jẹ́ kí rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ dún nínú ilé wa, ilé ìwé girama ni mo sì wà nígbà tó kú. Fẹlá tó wà kó tó di Fẹlá ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ìgbà tó ní ẹgbẹ́ olórin kan tí kò mọ ibi tó ń lọ, tí àwọn olùgbọ́ rẹ̀ kò sì fẹnu kò sójú kan.

Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí Olúfẹlá Olúṣẹ́gun Olúdọ̀tun Ransome-Kútì, ní ọjọ́ 15, oṣù kẹwàá, ọdún 1938. Bàbá rẹ̀, Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì, ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Abeokuta Grammar School, òun náà sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà, NUT. Ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, ló kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ lórí ọ̀rọ̀ owó orí, títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Bàbá bàbá rẹ̀, Àlùfáà J. J. Ransome-Kútì, jẹ́ olórin ìjọ pàtàkì. Bàbá yìí gbé orin ìyìn Kristẹni lé ohùn orin ilẹ̀ wa, wọ́n sì ká orin rẹ̀ sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Àdàlù tí wọ́n wá ń tìtorí rẹ̀ bá ọmọ-ọmọ jà, bàbá àgbà ti ṣe irú tirẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní 1958, wọ́n rán Fẹlá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kó lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ rán ọmọ lọ sí yunifásítì, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Olíkóyè ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di dókítà, Bẹ́kọ̀ọ́ àbúrò rẹ̀ di dókítà. Fẹlá ní tirẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ orin Trinity College of Music ló gbà lọ. Fèrè trumpet ló ń kọ́ níbẹ̀. Kó tó kúrò nílé ló ti ń bá ẹgbẹ́ Victor Ọláìyá kọrin ní Èkó, nítorí náà háíláìfù ti wà lára rẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù ló ti wá fẹ́ràn orin jáàsì gidigidi, ibẹ̀ náà ló ti dá ẹgbẹ́ Koola Lobitos sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ J. K. Braimah.

Ó padà sílé ní 1963. Ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ nílé iṣẹ́ rédíò ìjọba àpapọ̀, ó sì tún Koola Lobitos dá sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó rí ọmọ Èkó kan tó ń jẹ́ Tony Allen, tó mọ ìlù òyìnbó lù bí ẹni pé ọwọ́ mẹ́rin ló ní. Háíláìfù tí wọ́n po mọ́ jáàsì ni wọ́n ń ṣe. Àwọn tó mọ orin gbóríyìn fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Jímọ̀, tó sanwó wọlé ijó kó lè jó, kò rí ẹsẹ̀ gbé sí i. Orin yẹn le jù fún un. Ìyá rẹ̀ pàápàá gbà á nímọ̀ràn pé kó máa kọ orin tó máa yé àwọn èèyàn rẹ̀. Owó kò fi bẹ́ẹ̀ wọlé.

Ibi tọ́rọ̀ wà nìyẹn tí orin sóòlù fi dé láti Amẹ́ríkà. James Brown, Otis Redding, Wilson Pickett, rẹ́kọ́ọ̀dù wọn gba ìgboro Èkó kan. Ẹni tó wá dá kún un ni Geraldo Pino, olórin láti Sierra Leone, pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Heartbeats. Bí James Brown ṣe ń ṣe lòun náà ń ṣe, ó sì ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ju ti gbogbo ẹgbẹ́ tó wà nílùú lọ. Àwọn ọ̀dọ́ ya lọ síbẹ̀. Fẹlá fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé nǹkan yẹn kó ìdààmú bá òun.

Kì í ṣe òun nìkan. Orlando Julius tó ń ṣeré ní Ìbàdàn ti gbé rẹ́kọ́ọ̀dù kan jáde ní 1966 tó pè ní Super Afro Soul. Victor Ọláìyá pàápàá, tí gbogbo ayé mọ̀ sí bàbá háíláìfù, gbé rẹ́kọ́ọ̀dù tirẹ̀ jáde ní 1970 tó fi sóòlù sínú orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967 tún ti tú àwọn ẹgbẹ́ háíláìfù ká, nítorí púpọ̀ nínú àwọn tó mọ̀ ọ́n lù ló padà sí ìhà Ìlà-Oòrùn. Jùjú ní tirẹ̀ ń gbèrú sí i láàárín àwa Yorùbá. Ṣé ẹ rí i pé ọjà ti há mọ́ Koola Lobitos lẹ́sẹ̀?

Kí lẹ rò pé àwọn olùgbọ́ ń fẹ́? Ohun kan náà kọ́. Àwọn kan fẹ́ háíláìfù wọn bó ṣe wà kó tó di pé òmìnira dé, pẹ̀lú bàtà dídán àti ijó jẹ́jẹ́. Àwọn onímọ̀ jáàsì rí sóòlù bí ariwo lásán. Àwọn ọ̀dọ́ ní tiwọn kò fẹ́ àdàlù kankan, James Brown gangan ni kí wọ́n fún àwọn. Ẹni tó bá gbìyànjú láti dúró láàárín àwọn mẹ́ta yìí, gbogbo wọn ló máa bínú sí i. Fẹlá dúró sáàárín. Kò gbà láti ṣe àdàkọ James Brown, kò sì gbà láti dúró síbi tó wà. Ní Accra, ní 1968, ó sọ ohun tó ń ṣe ní orúkọ tuntun: Afrobeat. Orúkọ ti dé, àmọ́ orin náà kò tíì jinná.

Àjò ló sè é jinná. Ní 1969, ó kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìtàn wa gan-an nìyí. Ìlérí iṣẹ́ tí wọ́n bá lọ kò ṣẹ bí wọ́n ṣe rò. Owó tán. Ìwé ìgbélùú tó yẹ kí wọ́n fi ṣiṣẹ́ di wàhálà. Ilé ijó kékeré kan ní Los Angeles ni wọ́n ti ń rí oúnjẹ òòjọ́. Ibẹ̀ ló ti pàdé obìnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ń jẹ́ Sandra, tó fún un ní ìwé ìtàn ayé Malcolm X kà. Obìnrin yìí bi í pé kí ni ìtumọ̀ àwọn orin tó ń kọ. Ó ní orin ọbẹ̀ ni. Ojú tì í. Ó ti ń wo àwọn ará Amẹ́ríkà tipẹ́ bí ẹni tó yẹ kóun kọ́ orin lọ́dọ̀ wọn. Ìgbà yẹn ló wá rí i pé àwọn gan-an ń wá Áfíríkà.

Ó padà délé ní 1970. Orúkọ ẹgbẹ́ yí padà sí Nigeria 70, lẹ́yìn náà sí Africa 70. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mò ń ṣe, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ohun tó mú nínú sóòlù ni pé kí gìtá máa tẹ ohùn kan náà ní àtẹ̀túntẹ̀, kí ara má lè dúró jẹ́ẹ́. Àwọn fèrè dúró bíi ti jáàsì. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ Tony Allen pín iṣẹ́ fúnra wọn, bí ìyá ìlù àti omele ṣe ń pín in. Elé àti ègbè wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú orin ilé wa. Gbogbo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ pọ̀, tó o bá yọ ọ̀kan, ìyókù á dúró. Nígbà tí rẹ́kọ́ọ̀dù Jeun Ko Ku jáde ní 1971, àwọn tó sá lọ bá Geraldo Pino padà wá. James Brown fúnra rẹ̀ ti wá sí Nàìjíríà ní 1970, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì lọ wo Fẹlá ní ilé ijó rẹ̀. Tony Allen sọ lẹ́yìn náà pé ẹni tó ń to orin fún James Brown jókòó, ó ń wo ọwọ́ àti ẹsẹ̀ òun, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó lọ yá nǹkan, wọ́n ti wá yá lọ́wọ́ rẹ̀.

Àmọ́ àwọn tó ń ráhùn kò jẹ̀bi pátápátá. Bí Fẹlá ṣe ń fẹ́ kí gbogbo Áfíríkà gbọ́ òun, bẹ́ẹ̀ ló ń fi èdè Píjìn rọ́pò Yorùbá nínú orin rẹ̀. Orin náà lọ jìnnà, ó dé ibi tí Yorùbá nìkan kò lè gbé e dé. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá fẹ́ gbọ́ ìjìnlẹ̀ Yorùbá, ọ̀dọ̀ Hárúnà Ìṣọ̀lá tàbí Àyìnlá Ọmọwúrà ló máa lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ Fẹlá. Nǹkan wọlé, nǹkan sì jáde.

Ìyókù ìtàn rẹ̀, ẹ mọ̀ ọ́n. Ó bọ́ orúkọ Ransome kúrò, ó gbé Àníkúlápó wọ̀. Àwọn sójà sun ilé rẹ̀ Kalakuta ní ọjọ́ 18, oṣù kejì, ọdún 1977, wọ́n ju ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé, ìyá náà sì jáde láyé ní 1978. Ó fẹ́ ìyàwó 27 lọ́jọ́ kan ṣoṣo lọ́dún yẹn. Ó ṣẹ̀wọ̀n láti 1984 di 1986. Ó kú ní ọjọ́ kejì, oṣù kẹjọ, ọdún 1997, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Olíkóyè, tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, sì fi ìgboyà sọ fún gbogbo ayé pé àrùn AIDS ló pa á. Wọ́n tẹ́ ẹ nítẹ̀ẹ́ ẹ̀yẹ ní Tafawa Balewa Square. Èrò tó wá, kò lóǹkà. Ó dá mi lójú pé àwọn tó sọ pé orin rẹ̀ ti bàjẹ́ ní 1968 wà lára wọn.

Mo pe bàbá tó dìde níjọ́sí lórí fóònù. Mo ro ìtàn yìí fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọn ò gbà fún mi o. Wọ́n ní Fẹlá mọ háíláìfù kó tó dà á pọ̀ mọ́ nǹkan míì, pé àwọn ọmọ tiwa níbí ńkọ́, kí ni wọ́n mọ̀ tí wọ́n fẹ́ dàlù? Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, nítorí òótọ́ ni. Fẹlá gbọ́ orin ìyìn bàbá àgbà, ó gbọ́ orin àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, ó bá Ọláìyá kọrin, kó tó rìn dé Los Angeles. Ọmọ tí wọ́n bí sí Brampton tàbí Mississauga, àwa ló yẹ kó gbọ́ ti àtilẹ̀wá lẹ́nu wa. Bí a kò bá fún un, a ò lè bá a jà pé kò lò ó.

Nítorí náà, mo pe ọmọkùnrin tó gbé orin sí i yẹn, mo ní kó wá sílé mi lọ́jọ́ Sátidé. Bàbá náà gbà láti wá. Wọ́n ní àwọn máa gbé rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ tí wọ́n kó wá láti Ìbàdàn dání, àti pé ọmọ náà gbọ́dọ̀ jókòó gbọ́ ọ tán kó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan. Ìyàwó mi ti ní òun máa se àmàlà. Bó bá yọrí sí ìjà, ẹ máa gbọ́ níbí.

Ó dìgbà kan ná o.