Ẹkúndayọ̀ Phillips, Olùkọ́ Ohùn Ọkùnrin

Bí ohùn ọmọkùnrin bá ti yí padà, ọ̀pọ̀ nínú wọn a fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀, nítorí wọ́n rò pé ohùn òkè ti kú mọ́ àwọn lọ́fun. A ti rí irú rẹ̀ láàrin àwọn akọrin ilé-ẹ̀kọ́ wa. Nítorí ìdí èyí ni a fi yàn láti rántí Thomas Ẹkúndayọ̀ Phillips nínú ìwé àjọ̀dún yìí.

A bí i ní ọdún 1884. Ó lọ sí Ilé-ẹ̀kọ́ Gírámà CMS ní Èkó, ọ̀dọ́mọkùnrin sì ni nígbà tí ó di atẹdùùrù ìjọ St. Paul's, Breadfruit. Ní 1911 ó lọ sí London láti kẹ́kọ̀ọ́ orin ní Trinity College of Music. Nígbà tí ó padà dé ní 1914, a fi í ṣe atẹdùùrù àti olórí akọrin ní Christ Church, Marina, tí ó di Kàtídírà lẹ́yìn náà. Ọdún 48 ni ó fi ṣe iṣẹ́ yìí, títí di 1962.

Ọmọdékùnrin àti àgbà ọkùnrin ni akọrin rẹ̀. Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọdé ni í kọ ohùn tí ó ga jù. Áltò, tẹ́nọ̀ àti báàsì ni ó tẹ̀lé e. Gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn kàtídírà Gẹ̀ẹ́sì, àgbà ọkùnrin a máa kọ áltò, ohùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé obìnrin nìkan ni ó ni ín. Kì í ṣe igbe ni a fi ń kọ́ ọ, nítorí igbe a máa ba ọ̀fun jẹ́. Akọrin a fa èémí sínú dáadáa, a dẹ ọrùn àti àgbọ̀n, a sì fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti òkè. A ó máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi pàdé ohùn tí ó fi ń sọ̀rọ̀. Sùúrù ni iṣẹ́ náà ń fẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ká Phillips lára ju gíga ohùn lọ ni ibi tí ohùn ti ń ga. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí orin Gẹ̀ẹ́sì, ìtumọ̀ a máa yí padà. Àwa ará Ẹdẹ kò ní ṣe iyèméjì nípa èyí, nítorí Tímì Láoyè, tí ó gun orí ìtẹ́ ní 1946, jẹ́ ọ̀gá nínú lílu dùndún. Bí orin bá gbé ìparí ìlù sókè, ìlú ni etí yóò gbọ́. Phillips kọ àwọn orin ìjọsìn tí ó tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, ó sì tẹ ìwé Yoruba Music jáde ní 1953.

Fẹlá Ṣówándé àti Ayọ̀ Bánkọ́lé, tí òkìkí wọn kàn lẹ́yìn náà, jẹ́ ọmọdé akọrin ní Kàtídírà náà. Phillips sùn nínú Olúwa ní 1969, lẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ ti gba ipò rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, bí ohùn ọmọ yín bá ń yí padà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó fi orin sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó sinmi díẹ̀, kí ó sì padà wá. Àyè rẹ̀ ṣì wà láàrin wa.