Sà Harold Gillies: Dókítà Tí Ó Tún Ojú Àwọn Ọmọ Ogun Ṣe

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ojú ni a fi ń dá ènìyàn mọ̀, òun náà ni a sì fi ń mọ inú ẹni. Ọmọ ogun tí ó pàdánù ẹsẹ̀ lè fi ọ̀pá rìn, kí ó sì jókòó láàárín ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọta ìbọn gbé àgbọ̀n tàbí imú rẹ̀ lọ, àwọn ọmọ tí ó bí gan-an lè sá fún un. Ìtọ́jú irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni ó sọ Harold Gillies di olókìkí.

Ìlú Dunedin ní ilẹ̀ New Zealand ni a bí i sí ní ọjọ́ 17, oṣù kẹfà, ọdún 1882. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́jọ, ó sì kéré púpọ̀ nígbà tí baba rẹ̀ kú. Ní èwe ni ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ kan ti ṣẹ́, kò sì nà dáradára mọ́ títí ayé rẹ̀. Síbẹ̀, ó wà lára àwọn tí ó wa ọkọ̀ fún Yunifásítì Cambridge nínú ìdíje ọdún 1904. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Cambridge àti ní ilé ìwòsàn St Bartholomew ní Lọ́ńdọ̀nù, ó di dókítà etí, imú àti ọ̀nà ọ̀fun.

Ní ọdún 1915, nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, ó lọ sí ilẹ̀ Faransé pẹ̀lú ẹgbẹ́ Red Cross. Inú yàrà ni wọ́n ti ń ja ogun náà: ara ọmọ ogun a sápamọ́ sínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ a yọ síta, ibẹ̀ ni ọta sì máa ń bà. Gillies rí oníṣègùn eyín kan, Valadier, tí ń tún egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ tò. Ó sì rí Morestin ní Páríìsì, tí ń fi awọ ara dí ojú ọgbẹ́. Bí ó ti padà dé, ó rọ àwọn aláṣẹ ogun títí wọ́n fi fún un ní iyàrá ìwòsàn ní Aldershot ní ọdún 1916. Nígbà tí ìjà Somme bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje ọdún náà, igba ènìyàn ni wọ́n múra sílẹ̀ dè. Àwọn tí wọ́n gbé dé lé ní 2,000. Nítorí èyí ni wọ́n fi kọ́ ilé ìwòsàn ńlá sí Sidcup ní ọdún 1917.

Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé awọ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé kì í pẹ́ kú, egbò sì máa ń kẹ̀, nítorí pé kò tíì sí pẹnisílíìnì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1917, Gillies ń tọ́jú Vicarage, atukọ̀ ogun kan tí iná jó ojú rẹ̀. Ó gé awẹ́ awọ láti àyà rẹ̀ láìjá a kúrò pátápátá, ó sì ṣàkíyèsí pé etí awọ náà ń ká wọ inú. Ó rán an pọ̀ bí ọ̀pá ihò, ó sì so ìpẹ̀kun rẹ̀ mọ́ ojú. Báyìí ni ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn gba inú rẹ̀ títí awọ fi mú níbùdó tuntun. Lẹ́yìn náà ni ó wá gé okùn náà. Dókítà Filatov ní Odessa náà ti hùmọ̀ irú ọgbọ́n yìí, ẹnì kan kò sì gbọ́ nípa ẹnì kejì. Ní ti àgbọ̀n, Gillies àti oníṣègùn eyín Kelsey Fry jọ ń ṣiṣẹ́ ni: wọn a mú egungun láti ìbàdí tàbí ìhà fi dí àlàfo, wọn a sì fi kèrékèré ìhà mọ imú.

Kò sí dígí nínú iyàrá àwọn aláìsàn. Wọ́n kun àwọn àga gbọọrọ kan ní àwọ̀ búlúù lójú ọ̀nà ìlú, kí ará ìlú lè mọ ẹni tí ó jókòó síbẹ̀. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe níbẹ̀ lé ní 11,000, fún àwọn ènìyàn tí ó lé ní 5,000. Gillies kì í kánjú: ohun tí ó bá lè dúró di ọ̀la, kì í fi ipá ṣe é lónìí.

Ó tẹ ìwé jáde lórí iṣẹ́ náà ní ọdún 1920, wọ́n sì fi oyè Sà dá a lọ́lá ní ọdún 1930. Ó tún ṣe irú iṣẹ́ kan náà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 10, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1960, ní ẹni ọdún 78.

Lónìí, àwọn onímọ̀ ń wá ọ̀nà láti lo àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ inú mùdùnmúdùn egungun àti inú eyín, tí ó lè dàgbà di egungun tuntun, fún àtúnṣe àgbọ̀n. Ọ̀nà kan náà ni: ara fúnra rẹ̀ ni ó ní ohun àtúnṣe ara.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé ní Àríwá, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Àrùn noma a máa jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn ọmọdé tí wọn kò rí oúnjẹ tí ó tó jẹ. Ilé ìwòsàn rẹ̀ sì ti wà ní Sókótó láti ọdún 1999, níbi tí wọ́n ti ń fi awọ àti ẹran ara dí ojú ihò tí àrùn náà dá. Bí ẹran ìdí eyín ọmọ yín bá wú tàbí tí ó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, nítorí pé ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, oògùn lè wò ó kí ọ̀rọ̀ tó di ti abẹ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n àrùn ojú, kíá ni a ń mú un.