Hubert Ògúńdé: Òṣèré tí ìjọba àti aráàlú kò mọ ibi tí eré rẹ̀ parí sí

Ẹni tó bá ti bá àwọn ọ̀dọ́ Ìgólò jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n nígbà tí wọ́n ń wo ìjàkadì àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní catch, yóò ti mọ àríyànjiyàn tó máa ń tẹ̀ lé e. Àwọn kan á ní irọ́ ni, pé wọ́n ti mọ ẹni tó máa ṣubú kí wọ́n tó jáde nílé. Àwọn mìíràn á bi wọ́n pé ẹ̀jẹ̀ tó ń dà yẹn ńkọ́. Tọ̀tún tòsì ló jàre. Ní 1989, ilé-iṣẹ́ WWF fúnra rẹ̀ sọ fún àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ New Jersey pé eré lásán ni ohun tí àwọn ń ṣe, nítorí wọn kò fẹ́ kí ìjọba máa ṣàkóso wọn bí àwọn oníjà tòótọ́. Síbẹ̀, lóṣù karùn-ún ọdún 1999, nígbà tí oníjàkadì kan tó ń jẹ́ Owen Hart já bọ́ láti òkè gbọ̀ngàn ní Kansas City tó sì gbabẹ̀ kú, àwọn kan lára èrò ìwòran rò pé ara eré náà ni.

Láàárín àwa Yorùbá, ẹni tó gbé irú ayé bẹ́ẹ̀ jù lọ kì í ṣe oníjàkadì rárá. Hubert Adédèjì Ògúńdé ni. Àwọn àgbà mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwọn ọmọ ìwòyí mọ orúkọ, wọn kò mọ ìtàn.

Ọdún 1916 ni wọ́n bí i ní Ọ̀sọsà, ìlú kékeré kan nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde. Inú ilé onígbàgbọ́ ni wọ́n ti tọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí àwọn eléégún ìlú rẹ̀, ó sì bá wọn ṣeré nígbà èwe. Ẹ má fojú kékeré wo ìyẹn. Ta ni nínú wa ní Ìfọ̀nyìn tí kò mọ̀ pé ènìyàn ló wà lábẹ́ aṣọ? Ṣùgbọ́n nígbà tí eégún bá ń bọ̀, a máa ń sá, a máa ń kúnlẹ̀, a sì ń pè é ní ará ọ̀run. Ohun tí àwọn oníjàkadì Amẹ́ríkà ń gbowó lé lórí, àwọn baba wa ti ń ṣe é tipẹ́, Ògúńdé sì ti rí i kó tó dàgbà.

Ó ṣe olùkọ́, ó ṣe atẹdùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn náà ló wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní 1936. Ọlọ́pàá náà ló ṣì jẹ́ nígbà tó gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde fún ìjọ Aládùúrà kan ní Èkó lóṣù kẹfà ọdún 1944. Ìtàn ọgbà Édẹ́nì ni, láti inú Bíbélì. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ débi pé lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó bọ́ aṣọ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó sì dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí owó oṣù ìjọba ti dùn tó nígbà náà yóò mọ̀ pé ìgboyà nìyẹn.

Àtìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti dàpọ̀. Ní 1945, àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà daṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tó lé lóṣù kan nítorí owó oṣù tí kò ká ọjà mọ́. Michael Imoudu ló ṣíwájú wọn. Ògúńdé sọ ìyà náà di eré tó pè ní Strike and Hunger. Nígbà tó gbé e dé Jos, àwọn òyìnbó mú un, wọ́n sì ní kó san owó ìtanràn. Lóṣù kọkànlá ọdún 1949, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn fún àwọn tó ń wa èédú ní Enugu, wọ́n pa mọ́kànlélógún. Kò pẹ́ tí Ògúńdé fi gbé Bread and Bullet jáde. Kano ò gbà á láyè. Ẹ wò ó: ẹni tó ń lu ìlù lórí ìtàgé tó sì ń ṣe bí ẹni tí ọta bà, ìjọba tó ní ìbọn gidi ló ń bẹ̀rù rẹ̀.

Èyí tó le jù dé ní 1964. Nígbà náà, ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group ti fọ́. Awólọ́wọ̀ wà lẹ́wọ̀n. Akíntọ́lá, tó ti jẹ́ igbákejì rẹ̀ nínú ẹgbẹ́, ló ń ṣèjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Wọ́n ní kí Ògúńdé wá ṣeré níbi ìfilọ́lẹ̀ ẹgbẹ́ àṣà kan tí àwọn ti Akíntọ́lá dá sílẹ̀. Ó wá lóòótọ́. Yorùbá Ronú ló gbé wá: ìtàn ọba kan tí igbákejì rẹ̀ dà, tó tà á fún ọ̀tá. Kò dárúkọ alààyè kankan, kò sì pọn dandan kó dárúkọ. Aṣọ ọba àtijọ́ ló wọ̀ fún ìtàn náà, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó jókòó ló mọ ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ.

Ìjọba fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹ̀yin oníṣòwò ló máa yé jù: ká ti ọjà tí èèyàn ti ń jẹun pa mọ́ ọn lójú fún nǹkan bí ọdún méjì, pẹ̀lú agbo ilé ńlá lọ́rùn rẹ̀. Ògúńdé kò bẹ̀bẹ̀. Eré tó fi fèsì ni Òtítọ́ Korò. Oṣù kìn-ín-ní 1966 ni àwọn ológun pa Akíntọ́lá. Lóṣù tó tẹ̀ lé e ni Fájuyì, gómìnà ológun, gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà.

Nínú ilé rẹ̀ náà, kò sí ògiri láàárín eré àti ayé. Nígbà yẹn, àwọn òbí kì í fẹ́ kí ọmọbìnrin wọn ṣeré, àwọn tó bá sì wọlé máa ń bá ọkọ lọ. Ògúńdé wá ń fẹ́ àwọn òṣèré rẹ̀ níyàwó kí ẹgbẹ́ má baà tú. Ìyàwó ni wọ́n lórí ìtàgé, ìyàwó ni wọ́n nílé, àwọn ọmọ sì ń dàgbà sínú eré. Àwọn kan ń yìn ín fún ọgbọ́n yìí. Èmi a máa rò ó pé, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ tún jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, ta ni yóò fẹjọ́ sùn? Ní 1970, ìyàwó rẹ̀ àgbà, Adéṣẹwà, tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ lọ́nà Iléṣà nígbà tí wọ́n ń lọ ṣeré. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ògúńdé gbé eré kan jáde tó pè ní Onímọ́tò.

Fíìmù ló wá sọ ọ́ di ohun mìíràn. Ní 1979 ó ṣe Ayé, ó tẹ̀ lé e pẹ̀lú Jáiyésinmi ní 1980. Nínú wọn, òun ni Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tó ń bá àwọn àjẹ́ jà. Àwọn ènìyàn wò ó, wọ́n sì gbàgbé pé ọlọ́pàá àná ni, pé ẹni tó tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Wọ́n gbà pé ohùn tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, pé ó lágbára gidi. Kò sì jáde wá tú aṣọ eégún.

Níbí ni mo ti yàtọ̀ sí àwọn tó kàn ń yìn ín. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ rí ìyà ara wọn lórí ìtàgé, òótọ́ ni wọ́n rí; ìbọn Enugu pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n nínú Ayé, obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó di àjẹ́ lójú ìran, wọ́n ń ṣèpàdé lóru, wọ́n ń jẹ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tó rò pé òótọ́ ni Ọ̀ṣẹ́túrá yóò rò pé òótọ́ làwọn náà. Ìyá arúgbó tó ń dá gbé lẹ́yìnkùlé, tí kò sí lórí ìtàgé, kò gbowó iṣẹ́ òṣèré, òun ni wọ́n á tọ́ka sí bí ọmọ bá ṣàìsàn. A kò lè fi gbogbo rẹ̀ di ẹrù Ògúńdé, nítorí ìgbàgbọ́ náà ti wà kó tó dé. Ṣùgbọ́n ó mọ bí eré rẹ̀ ti ń wọni lára tó.

Ní ìgbẹ̀yìn, ó kọ́ abúlé fíìmù sí Ọ̀sọsà, ìjọba Nàìjíríà sì pè é láti kó ẹgbẹ́ òṣèré orílẹ̀-èdè jọ. Ó kópa nínú Mister Johnson, fíìmù kan tí àwọn òyìnbó wá yà ní ìhà àríwá Nàìjíríà. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin 1990 ló kú ní ilé ìwòsàn kan ní London, wọ́n sì gbé e wá sin sí Ọ̀sọsà. Nígbà tí fíìmù náà fi máa jáde fún aráyé, ó ti wà nínú ilẹ̀, àwọn èrò ìwòran sì ń wò ó tó ń rìn, tó ń sọ̀rọ̀.