Àjàyí Crowther: Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Kò Fi Ẹ̀kọ́ Mọ sí Kíláàsì

Bí a bá dárúkọ Samuel Àjàyí Crowther ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa, bíṣọ́ọ̀bù tó túmọ̀ Bíbélì ló máa ń sọ sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n kó tó di bíṣọ́ọ̀bù, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ni. Irú akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ ni ó yẹ kí á wò.

Òṣoògùn ni wọ́n bí i sí ní nǹkan bí ọdún 1809. Ní 1821, ogun wọ ìlú náà, wọ́n sì kó òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ lẹ́rú. Wọ́n tà á láti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn títí ó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀, ó sì kó wọn lọ sí Sàró.

Ibẹ̀ ni ó ti bá ìwé pàdé. Láàárín oṣù mẹ́fà péré, ó ti mọ ìwé kà, kò sì pẹ́ tí òun náà fi ń kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó tún kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Nígbà tí Fourah Bay bẹ̀rẹ̀ ní 1827, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọlé. Ó kọ́ Látìn àti Gíríìkì, ó sì tún kọ́ Temne, èdè àwọn tó yí ilé ẹ̀kọ́ náà ká. Nígbà tó parí, ibẹ̀ náà ló ti di olùkọ́.

Ní 1841, ó bá J. F. Schön wọ ọkọ̀ gba odò Ọya lọ. Àìsàn pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n jọ lọ, ṣùgbọ́n òun kò torí ìyẹn pa èdè tì. Ní 1843, ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde. Ọmọ Yorùbá ni lóòótọ́, síbẹ̀ kò gbójú lé ẹnu ara rẹ̀ nìkan: ó ń tẹ́tí sí àwọn ènìyàn, ó ń kó òwe wọn jọ. Ní 1852, ó tẹ ẹ̀kún rẹ́rẹ́ ìwé náà jáde. Nígbà tí ọkọ̀ wọn fọ́ nítòsí Jẹ́bà ní 1857, Nupe ló fi àkókò náà kọ́. Ìwé gírámà Nupe rẹ̀ jáde ní 1864.

Ọdún yẹn gan-an ni ó di bíṣọ́ọ̀bù, tí Oxford sì fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá. Ó kú ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, 1891.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ọ̀pọ̀ wa ló ń wá sí kíláàsì kí orúkọ wa ṣáà lè wà nínú ìwé. A ń kọ ohun tí olùkọ́ sọ sílẹ̀, a ń dá a padà fún un nígbà ìdánwò. Crowther ní ọpọlọ, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ọpọlọ nìkan kọ́ ló kó òwe jọ. Ó kọ́ ẹlòmíràn ní ohun tó mọ̀, ó bá àwọn elédè jókòó, ó sì béèrè. Máàkì dára o, gbogbo wa la fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tó sì ń jáde lọ gbọ́ èdè lẹ́nu àwọn tó ni ín, máàkì kò ní jìnnà sí i, ìmọ̀ rẹ̀ kò sì ní tán lọ́jọ́ tó bá jáde.