BERNARD ARÁ AOSTA: ẸNI TÓ KỌ́LÉ FÚN ÈRÒ LÓRÍ ÒKÈ

Ọ̀rọ̀ òkè kì í ṣe àjèjì sí àwa Aládùúrà. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kò kàn gun òkè lọ gbàdúrà kó sì sọ̀ kalẹ̀. Ó rí i pé àwọn tó ń lọ gbàdúrà ń kú sójú ọ̀nà, kò sì lè dákẹ́.

Bernard ni orúkọ rẹ̀. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, òun ni Áṣídíákónì ìlú Aosta, ìyẹn ẹni tó ń ran bíṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ láti bójú tó ìjọ. Aosta wà ní àríwá ilẹ̀ Ítálì, ní ìsàlẹ̀ àwọn òkè ńláńlá tí wọ́n ń pè ní Alps. Òkè yìí ni ọ̀pọ̀ Kristẹni láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé ń gbà kọjá lọ sí Róòmù. Ní 990, Sigeric, Áṣíbíṣọ́ọ̀bù Canterbury, lọ sí Róòmù láti gba aṣọ oyè rẹ̀ lọ́wọ́ Póòpù. Nígbà tó ń padà, wọ́n kọ orúkọ àwọn ibùsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀: 79 ni, láti Róòmù títí dé etí òkun tó kọjú sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ibi òkè yẹn. Ó ga tó nǹkan bí 2,470 mítà ju ojú òkun lọ. Ẹni tó bá ti ìhà Switzerland bọ̀, bó bá ti kúrò ní abúlé Bourg-Saint-Pierre, ó di òkúta àti afẹ́fẹ́. Òjò dídì máa ń bo ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó sì lè ga ju ènìyàn lọ. Bí kùrukùru bá ṣú, ọ̀nà pòórá nìyẹn. Òtútù á mú ẹsẹ̀ kú, oorun á máa kun ni. Ẹni tó bá jókòó pé kí òun sinmi díẹ̀, ó lè má dìde mọ́. Nígbà mìíràn, òkìtì òjò dídì á já láti òkè, á sì bo èrò mọ́lẹ̀. Olè náà ò gbẹ́yìn. Ní 972, wọ́n mú Majolus, olórí ilé ìsìn Cluny, nígbà tó ń ti Róòmù bọ̀. Ìgbà tí wọ́n gba owó ìràpadà ni wọ́n tó tú u sílẹ̀.

Bernard ìbá jókòó sí Aosta kó máa gbàdúrà fún àwọn èrò, kò sẹ́ni tí ì bá bá a wí. Àmọ́ ní nǹkan bí 1050, ó kọ́ ilé kan sí góńgó ọ̀nà náà, níbi tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ ti ń bọ Júpítà, òrìṣà wọn. Ó fi àwọn ará tó ti fi ayé wọn fún Ọlọ́run síbẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti gba àlejò, olówó àti tálákà, kí wọ́n fún un ní oúnjẹ, iná àti ibùsùn, kí wọ́n sì jáde lọ wá ẹni tó bá sọnù nínú òjò dídì. Igi kì í hù lókè ibẹ̀, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń ru igi ìdáná gòkè. Kì í ṣe iṣẹ́ kékeré rárá.

Ìtàn kan wà pé ó sá kúrò nílé lálẹ́ ọjọ́ tó kù ọ̀la kó gbéyàwó. Ó ti kú tipẹ́ kí wọ́n tó kọ ìyẹn, a kò fi ṣe ẹ̀rí. Ilé tó kọ́ ni ẹ̀rí tiwa.

Novara ló kú sí, lẹ́yìn 1080. Ní 1681, Póòpù Innocent Kọkànlá kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pe òkè náà dòní. Nígbà tó yá, àwọn ará ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí í sin ajá ńlá tó ń bá wọn wá ẹni tó sọnù. Ọ̀kan nínú wọn, Barry, tó kú ní 1814, ni wọ́n ní ó gba ẹ̀mí tó lé ní 40 là. Ní 1964, wọ́n la ihò gba abẹ́ òkè náà fún ọkọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Róòmù ṣì ń gba òkè, ilé Bernard sì ṣì ń gbà wọ́n.

Ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀ fún wa? Àwa tí a ń gòkè àdúrà pọ̀. Ta ló ń pọn omi sílẹ̀ de ẹni tó ń bọ̀? Ta ló ń tan fìtílà dúró de ẹni tí ilẹ̀ ṣú sí lọ́nà? Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń dáná fún àlejò lónìí, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, iṣẹ́ Bernard lẹ ń ṣe. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ilẹ̀kùn ìjọ wa tì mọ́ ẹni tó rẹ̀. Kó sì mú gbogbo ẹ̀yin àlejò wa padà délé láyọ̀. Àmín.