William Osler àti orúkọ tó ń ṣi wá lọ́nà

Kò sí ẹni tó kọ́ nípa àrùn ọkàn tí kò ní gbọ́ orúkọ Osler, ó kéré tán lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kó wo ìka aláìsàn bóyá kókó kéékèèké tó ń roni wà níbẹ̀. Bond Head ní Kánádà ni wọ́n ti bí i ní 1849. Àlùfáà ni bàbá rẹ̀, òun náà sì kọ́kọ́ fẹ́ ṣe àlùfáà kó tó yà sí ìṣègùn. Ó gboyè ní McGill ní 1872, ó sì padà síbẹ̀ láti kọ́ni.

Òkú ló kọ́ ọ níṣẹ́ jù. Èyí tó là wò ní Montreal lé ní 700, ó sì ń kọ ohun tó bá rí sílẹ̀. Ní 1885, Royal College of Physicians pè é sí London kó wá dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ lórí àrùn tó ń jẹ ilẹ̀kùn inú ọkàn. Ó sọ̀rọ̀ nípa aláìsàn kan tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti inú ọkàn jáde wú síta lójú mẹ́rin. Mycotic aneurysm ló pè é.

Ọ̀rọ̀ tó tan mọ́ olú ni mycotic, àmọ́ láyé ìgbà náà wọ́n ń lò ó fún oríṣiríṣi kòkòrò àìfojúrí. Bakitéríà ló sábà máa ń fa àrùn yìí. (Èmi náà ti kọ olú sínú ìdánwò rí. Máàkì lọ.)

Orúkọ yẹn kan náà là ń pe ti inú ọpọlọ. Ègé ìdọ̀tí tó kún fún bakitéríà á já kúrò lára ilẹ̀kùn ọkàn, ẹ̀jẹ̀ á gbé e dé ọpọlọ, á há síbi tí iṣan tín-ín-rín ti pẹ̀ka. Bakitéríà á jẹ ara iṣan náà títí yóò fi rọ̀, tí yóò wú bíi tíúbù kẹ̀kẹ́ tó ti gbó lójú kan. Bó bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á dà sínú ọpọlọ. Ìdí nìyí tí a kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ẹ̀fọ́rí tó bá dé bá ẹni tó ní àrùn ọkàn yìí.

Ní 1909, nígbà tó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Oxford, Osler tún kọ̀wé lórí àwọn aláìsàn mẹ́wàá tí irú àrùn ọkàn yìí ń ṣe fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ó dá àrùn náà mọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní oògùn kankan tó lè wò ó. Ó tó nǹkan bí ogún ọdún lé lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí pẹnisílíìnì tó dé ọwọ́ àwọn dókítà.

Ogun pa Revere, ọmọkùnrin rẹ̀, ní 1917. Òun náà kú ní Oxford ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá, 1919, lẹ́yìn tí òtútù àyà ti dá a dùbúlẹ̀. Eérú rẹ̀ wà ní McGill, láàárín àwọn ìwé tó kó jọ.